Ta Ló Ń Jí Iná Wa?

Ọ̀daràn méjì ni wọ́n ń wá ládùúgbò wa ní Ìjú nínú oṣù Kẹrin ọdún 2020. Àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní One Million Boys, tí ariwo wọn gba Agége, Ìyànà-Ìpájà àti Ìfakọ̀-Ìjàyè kan, tó sì dé ọ̀hún lápá Ìjọkò àti Sángo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, pé ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń jà lólè. Èkejì ni olè tó ń jí iná mi. Gbogbo àdúgbò ló ń wá ti àkọ́kọ́, èmi nìkan ṣoṣo ni mò ń wá ti èkejì. Ìdí òpó iná tó wà lẹ́yìnkùlé wa ni ìwádìí méjèèjì ti pàdé, ní nǹkan bí aago kan òru, èmi náà sì ni wọ́n mú fún méjèèjì.

Mítà ló fa gbogbo rẹ̀. Kí àrùn Kòrónà tó dé, èmi ni onímọ̀ràn iná nínú ọgbà wa. Fúláàtì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, Màmá onílé sì ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ lẹ́yìn. Bí oṣù bá ti wọlé, màá ra káàdì 5,000 naira, wọ́n á fi nọ́ńbà ogún ránṣẹ́ sórí fóònù mi, màá tẹ̀ ẹ́ sí mítà, yúníìtì igba ó lé díẹ̀ á wọlé, ó di oṣù tó ń bọ̀. Nígbà mìíràn gan-an, oṣù á parí, káàdì ò ní tíì parí. Màá wá dúró sẹ́nu géètì, màá máa wàásù fún àwọn ayálégbé yòókù: "Ẹ máa pa gílóòbù tẹ́ ẹ bá ń jáde. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí iná. Èèyàn gbọ́dọ̀ ní ètò." Wọ́n á ní, "Bàbá Tómi, òótọ́ lẹ sọ."

Ètò wo? Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń jáde lọ sí ọ́fíìsì adójútòfò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Marina, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mò ń wọlé. Ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣáàjì fóònù mi, àti fóònù ìyàwó mi, àti páwà báǹkì, àti láńtà tí àwọn ọmọ fi ń kàwé lálẹ́. Báàgì tí mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, wáyà ló kún inú rẹ̀ ju fáìlì lọ. AC ibẹ̀ máa ń tutù débi pé àwọn obìnrin ń wọ súwẹ́tà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ wà nílé ìwé títí dìrọ̀lẹ́, ìyá wọn wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí NEPA bá sì wá mú iná dé (orúkọ yẹn ti kúrò lára wọn láti ọdún 2005, wọ́n tiẹ̀ ti kó o fún àwọn aládàáni láti 2013, ṣùgbọ́n ta ló ráyè kọ́ orúkọ tuntun?), ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sán tí kò sẹ́nìkan nílé, tàbí òru tí a ti sùn. Owó tí mo rò pé ọgbọ́n mi ló ń bá mi tọ́jú, NEPA ló ń bá mi tọ́jú rẹ̀, nítorí pé kì í mú iná wá.

Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, Ààrẹ Buhari jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì, kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá, ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko. Kò tíì kà á tán tí ìyàwó mi ti ń kọ orúkọ ẹja sílẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, a ti ra páálí títùs kan, a ra kòtè, a ra tòlótòló àti pọ̀nmọ́. Fírísà wa, tòkunbọ̀ tí a rà ní Alábà, ti pẹ́ tó ti di kọ́bọ́ọ̀dù, àwo ìgbéyàwó wa ló ń gbé inú rẹ̀. A kó àwo jáde, a ki ẹja sí i, a fi iná sí i, ó gbọ̀n jìgìjìgì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Rọ́bà etí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti já lápá kan, ọwọ́ ọmọdé lè gba ibẹ̀ wọlé. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n sẹ́lótéèpù kì í lẹ̀ mọ́ ohun tó bá tutù tó sì lómi lára. Kò pẹ́ tí yìnyín fi hù yí ojú ibi tó já náà ká, ó funfun báláú, ó nípọn tó àtàǹpàkò mi. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba òkè rẹ̀ wọlé, otútù ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde, ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn fírísà náà kò sì sinmi tọ̀sán-tòru.

Ooru wá jókòó tì wá. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ̀ pé oṣù Kẹta sí Kẹrin kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ń ti àgbàlagbà mọ́lé. Ọyẹ́ ti lọ, òjò gidi ò tíì dé. Ọ̀sán á wọ 32, á wọ 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìyẹn gan-an kọ́ ni wàhálà, Sókótó máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ojú òkun bọ̀, tí omi kún inú rẹ̀, ló ń fìyà jẹ wá. Òógùn á jáde, kò ní gbẹ. Ilẹ̀ á ṣú, ooru á kọ̀, kò ní í lọ sílẹ̀ ju 25 tàbí 26 lọ. Nínú ọyẹ́, bí wọ́n bá gbé AC wa lọ, n kò rò pé mo máa tètè mọ̀. Ní oṣù Kẹrin, kò sí ẹbí tí mo fẹ́ràn tó o.

AC náà, ẹṣin kan àbọ̀ ni. Mo rà á nígbà tí a bí Tómi, kí àwọn àna mi lè rí i pé ọwọ́ tálákà kọ́ ni ọmọ wọn bọ́ sí. Àlejò nìkan là ń tan án fún. Nígbà tí ọ̀gá wa wá ní kí kálukú máa ṣiṣẹ́ láti ilé, mo sọ yàrá di ọ́fíìsì, mo de táì mọ́ ọrùn, mo wọ ṣòkòtò péńpé nísàlẹ̀, mo tan AC láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ òórùn ìtura. Èkíní á ṣílẹ̀kùn wọlé, ó ní òun ń wá bírò. Èkejì á ṣí i jáde. Ẹ̀kẹta á dúró sáàárín, ọwọ́ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn, á máa ronú bóyá kí òun wọlé tàbí kí òun jáde, otútù tí mo fowó rà á máa gba abẹ́ apá rẹ̀ lọ sí pálọ̀.

Garawa kan wà níta lábẹ́ páìpù AC yìí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, omi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Inú afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ náà ti ń fún omi yẹn jáde, iná ló sì fi ń fún un; ní ìlú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá gbẹ, kò ní iṣẹ́ yẹn í ṣe. Ìyàwó mi ń fi omi náà fọ ilẹ̀, ó ní òun ò lè jẹ́ kó ṣòfò. Omi tó wọ́n ju bíà lọ.

Ohun tí kò sẹ́ni tó retí wá ṣẹlẹ̀: NEPA ń mú iná wá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ òpópónà pariwo "Up NEPA!" títí ohùn wọn fi há. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sẹ́ni tó pariwo mọ́. Iná á dé ní àárọ̀, á wà níbẹ̀ lọ́sàn-án, á ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń jẹun alẹ́. Oníná àdúgbò wa ló là á yé mi. Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Ọgbà àti Ìkẹjà ti tì, hòtẹ́ẹ̀lì ti tì, báǹkì ò ṣí tán, ọjà ìgbàlódé ti tì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iná tí wọ́n bá ti pèsè, ìṣẹ́jú yẹn náà ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ lò ó. Ó ní apá kan ohun tí àwọn yẹn ń jẹ ló ń yà bọ̀ lọ́dọ̀ wa. N kò bá a jiyàn. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni kónílé-ó-gbélé ti da ọ̀rọ̀ iná rú. Àjọ IEA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára lágbàáyé sọ nínú oṣù Kẹrin yẹn kan náà pé níbi tí wọ́n bá ti ti ìlú pa pátápátá, iná tí wọ́n ń lò máa ń dín kù tó ìdá kan nínú márùn-ún, àti pé ojoojúmọ́ ló wá dà bí ọjọ́ Sunday. Àbúrò mi tó wà ní Peckham ń fi fọ́tò oòrùn ránṣẹ́ sí wa. Ìgbà ìrúwé ọdún náà ni oòrùn ràn jù nínú àkọsílẹ̀ gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ìgbà náà. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún, àwọn tó ń ṣàkóso iná lọ́hùn-ún ti ṣètò láti máa sanwó fún àwọn oníná oòrùn àti oníná afẹ́fẹ́ kéékèèké pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n pa ẹ̀rọ wọn, iná ti pọ̀ jù. Mo kà á fún Màmá onílé. Ó ní kí n má ṣe pa irọ́ nínú oṣù ààwẹ̀ Kírísítẹ́nì, pé ìyẹn ò tíì parí lọ́kàn òun.

Nǹkan kan tún wá kó sí mi lórí. Ọ̀rọ̀ jáde láti Àbújá pé wọ́n fẹ́ fún gbogbo wa ní iná ọ̀fẹ́ oṣù méjì. Ọ̀rọ̀ ni o, iná ò bá a wá, kò sì padà wá títí dòní. Ṣùgbọ́n èmi ti ń ná an. Mo fi AC sí 18.

Káàdì mi parí kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kọ́kọ́ rò pé mítà ló ṣàṣìṣe. Mo ra òmíràn, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ọkàn mi ò wá balẹ̀ mọ́. Bí mo bá wà lórí ìpàdé pẹ̀lú ọ̀gá mi, ojú mi á máa wà lára páádì kékeré tó ń ka yúníìtì lára ògiri. Mítà gan-an wà nínú àpótí irin lórí òpó lẹ́yìnkùlé, mo bá gun àga lọ wò ó. Iná pupa kékeré kan wà lára rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé bó bá ṣẹ́ ní 1,000 ìgbà, yúníìtì kan ti lọ nìyẹn. Ó ń ṣẹ́ bí ojú ẹni tí Àpólò mú, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú àáyá 3,600 ló wà nínú wákàtí kan, èyí tó túmọ̀ sí pé yúníìtì mẹ́ta àbọ̀ ó lé díẹ̀ ń lọ ní wákàtí kan. Yúníìtì kan ò tíì pé naira 25 nígbà náà, nítorí náà bíi 80 naira ni mò ń sun ní wákàtí kan. (Ẹ̀yin tí wọ́n gbé Band A sí 225 naira fún ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ẹ rọra fi mí rẹ́rìn-ín.)

Ẹlòmíràn ì bá padà sínú ilé lọ pa AC. Èmi sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, mo pe ìyàwó mi sí kọ̀rọ̀, mo ní, "Ẹnì kan ń jí iná wa."

Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe AC ni?"

Mo ní obìnrin ò mọ̀ nípa iná.

Ẹni tí mo fura sí ni Bàbá Ìbejì, télọ̀ tó ń gbé fúláàtì ìsàlẹ̀ lódìkejì wa. Ẹ̀rí mi pọ̀. Wáyà rẹ̀ àti wáyà mi jọ gba orí òpó kan náà. Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, ó sọ fún ìyàwó mi pé káàdì òun ti parí láti bí ọjọ́ mélòó kan, pé òun ò tíì rówó ra òmíràn. Síbẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kírakíra, kírakíra, títí lọ di ọ̀gànjọ́. Ìbòmú ló ń rán. Gbogbo Ìjú ló ń wọ ìbòmú rẹ̀, èmi náà ra ọ̀kan, ti àǹkárá, 200 naira. Etí ìbòmú náà sì gún régé, wọ́n lọ̀ ọ́ dáadáa. Mo bi ara mi pé ẹni tí kò níná, ṣé itọ́ ló fi ń lọ aṣọ ni?

Àsìkò yẹn náà ni ìbẹ̀rù One Million Boys le jù. Láti òpin ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, gbogbo ọkùnrin òpópónà wa ló ń ṣọ́ òru. Wọ́n jó táyà ní ìkóríta, wọ́n kó igi dí ojú ọ̀nà, àdá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kùmọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, alágbẹ̀dẹ tó ń gbé ìsàlẹ̀ gbé ìbọn ìbílẹ̀ kan jáde tí ó jọ pé bàbá rẹ̀ ló yìn ín gbẹ̀yìn. Wọ́n gbé ike omi ńlá tó ní ẹnu ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ iná táyà náà, pẹ̀lú ọṣẹ, nítorí alága àdúgbò ní a ò ní torí olè kó Kòrónà. Wọ́n wá pe èmi náà. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì níwájú alága. Kò jẹ́ kí n wú ẹ̀kẹta tó fi ní kí n lọ sinmi.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 13, Ààrẹ tún jáde, ó fi ọjọ́ mẹ́rìnlá mìíràn kún un. Mo wo yúníìtì tó kù, mo wo ọjọ́ tó kù, mo rí i pé òru yẹn ni.

Mo dúró títí ìyàwó mi fi sùn. Mo pa gbogbo iná ilé láti orí súwíìṣì ńlá: AC dákẹ́, fírísà dákẹ́. Mo wọ ẹ̀wù dúdú kí olè má bàa rí mi, mo fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, mo fi tọ́ọ̀ṣì há abíyá, mo sì gbé àkàbà Màmá onílé jáde jẹ́ẹ́jẹ́. Bí mo ṣe gun òkè, mo yọjú wo mítà.

Ó ṣì ń ṣẹ́!

Kò yára bíi ti ọ̀sán, ó ń tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó ṣẹ́ òmíràn, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́. Ilé mi ṣókùnkùn birimù, iná mi sì ń lọ. Inú mi dùn, ẹ dákun. Ẹni tó bá ti pẹ́ tó ń fura sí ẹnì kan, ọjọ́ tí ẹ̀rí bá dé, ọdún ni. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ wáyà náà lọ láti ara òpó, mo na ọrùn, mo gbé ẹsẹ̀ kan sórí fẹ́ńsì kí n lè rí ibi tó ti yà sí fèrèsé télọ̀.

Fèrè dún. Ohùn kan ké pé, "Wọ́n ti dé o! Ẹ̀yìn ilé Màmá! Wọ́n ń fo fẹ́ńsì!"

Mo yí orí padà láti wo àwọn One Million Boys. N kò rí ẹnì kankan. Àṣé èmi ni wọ́n ń pariwo lé lórí. Mo fẹ́ sọ pé "Èmi ni o," ìbòmú gbá ọ̀rọ̀ náà padà sí mi lẹ́nu, ohun tó jáde ò yé èmi alára. Àkàbà yẹ̀. Gọ́tà tó wà lẹ́yìn fẹ́ńsì ni mo ti bá ara mi. Kí n tó dìde, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì bíi mẹ́wàá ti wà lójú mi, ẹnì kan ti di ìgbátí ṣòkòtò mi mú, mo sì rí ọmọkùnrin kan tó ń yí táyà bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo mọ ọmọ náà. Èmi ni mo kọ lẹ́tà fún un nígbà tó ń wáṣẹ́.

Alága ní, "Bọ́ nǹkan tó wà lẹ́nu ẹ!"

Mo bọ́ ọ. Gbogbo wọn dákẹ́.

"Háà! Bàbá Tómi!"

Ẹnì kan látẹ̀yìn ní, "Ẹni tó ní ikọ́?"

Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe fẹ́yìn rìn! Ẹni tó di ṣòkòtò mi mú jù ú sílẹ̀, ó ń pariwo pé kí wọ́n bu sanitáísà fún òun. Ìjìnnà tí ìjọba ti ń bẹ̀ wá láti fi sáàárín ara wa láti ìgbà yìí wá, ó délẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan.

Màmá onílé jáde tòun ti láńtà, ó ró ìró mọ́ àyà, ìyàwó mi tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo ti wà níwájú gbogbo èèyàn báyìí, mo rò ó pé kí n kúkú sọ ọ́. Mo fi ìka na fèrèsé Bàbá Ìbejì, mo ní olè tí ẹ ń wá lóde, inú ọgbà ló ń gbé. Mo ka ẹ̀rí mi sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Ìbejì ti jáde nígbà náà, téèpù ìwọnṣọ ní ọrùn rẹ̀. Kò bínú. Ó kàn ní kí alága àti ẹni méjì mìíràn tẹ̀ lé òun wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde, alága ń nu ojú, n kò mọ̀ bóyá òógùn ni tàbí ẹ̀rín. Ó ní ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ló wà níbẹ̀, àtùpà elépo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, áyọ́ọ̀nù tó wà lórí tábìlì, ẹ̀yinná ló wà nínú rẹ̀.

Bàbá Ìbejì wá wò mí tẹ̀gàntẹ̀gàn. "Bàbá Tómi, ìbòmú tí mo rán lẹ wọ̀ wá mú mi?"

Mo ní ìyẹn ò bọ́ sí i. Mo ní mo ti pa gbogbo iná ilé mi, mítà mi ṣì ń kà, ta ló ń lò ó?

Màmá onílé gbé láńtà sókè kó lè rí ojú mi dáadáa. "Bàbá Tómi, mítà ta la so ẹ̀rọ omi mọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó tó ọdún méjì tí mítà kànga ẹ̀rọ ọgbà wa ti bàjẹ́, tí èmi, ẹni tó ní ètò, ti dìde nínú ìpàdé ayálégbé tí mo ní kí wọ́n so pọ́mpù mọ́ mítà tèmi, kí ilé kọ̀ọ̀kan sì máa san 500 naira fún mi lóṣù. Kì í ṣe inú rere. Mo mọ̀ pé NEPA kì í mú iná wá, jẹnẹrétọ̀ ọgbà tí gbogbo wa jọ ń dá owó epo fún ló sábà máa ń fa omi. Owó 500 wọ̀nyẹn, èrè ni. Òun ni mo fi ń ra dátà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wọlé débi pé mo ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń san án fún. Oníná tó ṣe é sì so wáyà rẹ̀ mọ́ ẹnu mítà tààrà, ṣáájú súwíìṣì ńlá ilé mi, kí omi má bàa dá bí mo bá rìnrìn àjò.

Bọ́ọ̀lù kan wà nínú táǹkì orí òkè: bí omi bá ti lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ á tan ara rẹ̀. Ẹ wá wo ìgbà náà. Iná ń bẹ tọ̀sán-tòru. Gbogbo èèyàn wà nílé. Rédíò ń kígbe pé ẹ fọwọ́, ẹ fọwọ́. Ooru ń mú, kálukú ń wẹ̀ ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́ àti kí wọ́n tó sùn. Ìyá Àfúsá lókè ń fọ gbogbo ohun tó bá ti ọjà dé, títí kan iyọ̀ inú ọ̀rá. Mo ṣì ń rò ó lọ tí ọmọ oníṣẹ́ tí mo kọ lẹ́tà fún fi kún un pé, "Ibí náà la ti ń pọn omi ìkóríta. Ó ti tó ìgbà mélòó ká tó pọn èyí tán báyìí?"

Ìyẹn ni pé àwọn tó mú mi, iná mi ni wọ́n fi fọwọ́ kí wọ́n tó mú mi.

Ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wò mí. Ǹ bá fẹ́ kó sọ ọ́.

Atẹ́gùn ló gbà mí. Ó kọ́kọ́ fẹ́ tútù kan tí a kò tíì rí láti oṣù Kejì, lẹ́yìn náà ó gbé eruku, ó gbé èéfín táyà, ó gbé fìlà alága. Mànàmáná kọ, òjò sì dé pẹ̀lú ìbínú. Nǹkan kan dún gbàà lápá ìkóríta, gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn. Ẹnì kan ń sá lọ nínú òjò, ó ń pariwo pé, "Bàbá Tómi, ẹ lọ wo mítà yín, olè ti sá lọ!"

Òru yẹn tutù débi pé a fi aṣọ bora. AC ò bá mi dá nǹkan kan.

Ilẹ̀ mọ́, a rí i pé òpó méjì ló wó, wáyà nà gbalaja sójú títì. A pe àwọn oníná, wọ́n ní wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ní kónílé-ó-gbélé ò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn pọ̀ lóde. Yúníìtì mi wà níbẹ̀, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú oṣù náà. Ṣùgbọ́n fírísà dákẹ́. Yìnyín tó nípọn tó àtàǹpàkò yọ́ kúrò létí rọ́bà, omi pupa ń ṣàn lọ sábẹ́ àga pálọ̀, páálí títùs sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ìyàwó mi gbé ìkòkò ńlá síta. Ó dín, ó sè, ó yan, ó tún dín. Epo tán, ó ní kí n lọ ra epo. Ẹ̀yinná tán, ọ̀dọ̀ Bàbá Ìbejì ni mo ti lọ yá ẹ̀yinná, nítorí òun nìkan ló ní i nínú ọgbà.

A pín ẹja náà yí ká. Ilé kọ̀ọ̀kan gba abọ́ kan, àwọn aṣọ́de gba abọ́ méjì, alága ní kí wọ́n fi ti òun sílẹ̀ lẹ́nu géètì, pé ikọ́ náà ò tíì kúrò lọ́kàn òun. Bàbá Ìbejì gbé àga kékeré síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, ó gbé abọ́ sórí itan, ó ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó ń yọ eegun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fẹ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó lá ìka rẹ̀.

"Bàbá Tómi, ẹja yìí dùn o. Iná ta lẹ fi dì í?"